Afárá tí Yèyé Leah Fi Sílẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 7 Máàṣì 1955

Àná la ṣe ìdúpẹ́ ìsìnkú Yèyé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lónìí, àwọn ẹbí tó wá láti Màhín ti wọ ọkọ̀ padà sílé, gbogbo etí omi sì dákẹ́ bí ẹni pé ẹnì kan ní kó dákẹ́. Mo jókòó sórí àpótí tí Yèyé máa ń jókòó sí yan ẹja. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, àmọ́ láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà ló ti gbà mí tọ́, n kò sì mọ ìyá mìíràn. Mo ń wo àwọn òpó afárá rẹ̀ nínú àbàtà. Wọ́n tò lọ ní méjì-méjì dé ìdajì ọ̀nà, lẹ́yìn náà kò sí nǹkan kan mọ́ bí kò ṣe eèsún àti omi dúdú, títí dé òkè lọ́hùn-ún níbi tí ọ̀nà Bàrígà ti bẹ̀rẹ̀.

Oṣù Ṣẹẹrẹ ni ìjọba ní kí gbogbo ọmọ máa lọ sílé-ẹ̀kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Yèyé bẹ̀rẹ̀ sí í ri òpó. Ó ní ọ̀fẹ́ kọ́ nìyẹn, bí ọmọ bá ní láti wọ ẹrẹ̀ dé àyà kó tó dé ibi tí wọ́n ti ń pín in. Ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wọ inú omi di òpó mú, tí Japhet ọkọ mi á dúró sórí ọkọ̀, á máa fi òòlù igi gbá a lórí. Àárọ̀ ọjọ́ tó kú gan-an, ó ṣì bú Japhet pé ó ń gbá òpó bí ẹni tó ń kan ìlẹ̀kùn àna rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi Ọlọ́runṣògo wá lálẹ́. Òun ni olórí àwọn apẹja wa nísinsìnyí. Ó ní, "Yèyé ti lọ sinmi. Ẹ jẹ́ kí afárá yẹn náà sinmi."

N kò dá a lóhùn. N kì í sábà dá ènìyàn lóhùn. Yèyé ló máa ń bá gbogbo wa dáhùn.

Ọjọ́rú, 9 Máàṣì

Ooru mú. Edé ti gbówó lórí, kò sì pọ̀.

Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Ṣómólú fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìsìnkú. N kò rán aṣọ kankan. Ẹni tó bá wọlé, ọ̀rọ̀ Yèyé ló ń bá wọlé. Wàhábì tó ń tẹ̀wé ní ẹ̀gbẹ́ mi dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró, ó wá sọ ti ọjọ́ tí Yèyé fi kẹ̀kẹ́ ṣubú sí gọ́tà ní Onípàánù. Ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni Yèyé nígbà tó kọ́ kẹ̀kẹ́, nítorí ó ní ẹsẹ̀ òun kò yá tó ẹnu òun mọ́, àwọn oníbàárà sì ń dúró de ẹja. Wàhábì ní àwọn ọkùnrin sáré lọ gbé e dìde, Yèyé wà nínú gọ́tà níbẹ̀, ó ní, "Ẹ kọ́kọ́ kó ẹja. Èmi kò ní bàjẹ́ kó tó dọ̀la."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà ni mo wá mọ̀ pé ẹkún ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 Máàṣì

Mo ní kí Japhet mú òòlù rẹ̀ jáde.

Ó ní, "Ta ni yóò di òpó mú?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìwọ Adébùnmí, tó ń bẹ̀rù eṣúṣú?"

Òpó kan ṣoṣo la rì lónìí. Eṣúṣú mẹ́ta ló bá mi jáde. Kí n kọ èyí sílẹ̀ ná: omi yẹn tutù ju bí ènìyàn ṣe rò lọ, òpó sì máa ń gbọ̀n lọ́wọ́ ẹni bí ohun tó ní ẹ̀mí. Báwo ni ìyá arúgbó yẹn ṣe ń ṣe é, tó tún ń ráyè bú ènìyàn?

Ọjọ́ Ẹtì, 18 Máàṣì

Mo lọ sọ́dọ̀ Bàbá Ọdẹ́túnjí lẹ́yìn tí wọ́n kí ìrun Jímọ̀ tán. Ìdílé wọn ló ni ilẹ̀ tí afárá yóò gúnlẹ̀ sí lápá ọ̀nà. Fún ọdún mẹ́ta, gbogbo Ẹtì ni Yèyé ń lọ jókòó síwájú ilé bàbá yìí láti bá a fa ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà, kò sì gbà. Ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ wá bẹ̀rẹ̀, Yèyé ní òun yóò kọ́ ìdajì tòun ná, kí bàbá máa rí i láti ojú fèrèsé.

Mo kúnlẹ̀. Mo gbàgbé ohun gbogbo tí mo tò sẹ́nu bọ̀.

Bàbá ní, "Bí afárá bá ti kan ilẹ̀ mi lónìí, lọ́la wọ́n á ní ilẹ̀ náà ti di ti àwọn ará etí omi. Mo ti rí irú ẹ̀ rí. N kò gbà fún ìyá rẹ. Ṣé ìwọ ni n ó wá gbà fún?"

Mo ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá," mo sì dìde. Ẹni tí wọ́n lé jáde tó tún ń dúpẹ́. Bí Yèyé bá rí mi, á bo ojú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 29 Máàṣì

Òpó méjì sí i. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, kò pẹ́. Japhet ní ká máa bá a lọ títí a ó fi dé ẹnu ààlà bàbá, ká dúró síbẹ̀ ká máa wo ojú ara wa.

Ọjọ́ Ìsinmi, 10 Épírì. Ọjọ́ Àjíǹde

Ṣọ́ọ̀ṣì kún. Lẹ́yìn ìsìn, Màmá Sabina jókòó sáàárín àwa ọmọbìnrin, ó sì sọ ohun tí n kò gbọ́ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ rí, bí òun àti Yèyé ṣe dé Èkó.

Ọkọ tí Yèyé kọ́kọ́ fẹ́ ní ilé ló sọ ọ́ lójú àwọn ènìyàn pé obìnrin kò lè dá wa ọkọ̀ láti Màhín dé Èkó. Àwàdà lásán ni. Yèyé kò bá a jiyàn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kó ẹja gbígbẹ rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó pe Sabina ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kó wá bá òun kálọ síbì kan. Sabina rò pé ọjà ìtòsí ni. Ìgbà tí wọ́n ti sùn sórí omi fún òru mẹ́rin ló wá mọ̀ pé ọjà náà jìn.

Màmá Sabina ní, "Afẹ́fẹ́ dìde sí wa lójú ọ̀sà, mo ń sunkún. Leah ní kí n máa sunkún, kí n má ṣáà dá ọwọ́ àjẹ̀ dúró."

Nígbà tí wọ́n dé Èkó, wọ́n ta ẹja tán, Sabina ní kí wọ́n padà sílé. Yèyé ní, "Bí a bá lọ sọ fún un, kò ní gbà gbọ́. Jẹ́ kó wá wò ó fúnra rẹ̀." Ọkùnrin náà sì wá lóòótọ́ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó bá Yèyé ní etí omi yìí, tó ń yan ẹja nínú ilé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́. Ó bẹ̀ ẹ́ kó padà sílé. Yèyé bu omi fún un mu, ó fún un ní ẹja òbòkún ńlá kan, ó ní òun ti délé.

Ẹnì kan nínú wa bi í bóyá Yèyé kò kábàámọ̀ pé òun kò bímọ. Màmá Sabina ní àlejò oníwàásù kan ti fi ọ̀rọ̀ yẹn kàn án rí, ó ní òun yóò máa bá a gbàdúrà. Yèyé ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà náà. Ó ní kó jọ̀wọ́ má da Ọlọ́run láàmú, pé àwọn tó ń jẹun nílé òun báyìí, ìkòkò kan kò bọ́ wọn.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń jẹun nígbà náà ni mí. Mo ń gbọ́ ọ, orí mi ń wú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19 Épírì

Mo lọ sí Ẹ̀búté Mẹ́tta lọ ra pákó. Wọ́n ti fi owó lé e. Mo ná an bí Yèyé ṣe ń ná ọjà: mo yí ẹ̀yìn padà, mo ń lọ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n pè mí padà. Inú mi dùn ju iye tí wọ́n yọ lọ.

Ọjọ́bọ̀, 28 Épírì

Ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Ìsinmi. A ti ri òpó dé ẹnu ààlà. Kò sí ibi tí a tún lè lọ.

Mo di ẹja díẹ̀, mo gbé e lọ sílé Bàbá Ọdẹ́túnjí fún ìṣínu. N kò ní í bá a sọ ọ̀rọ̀ afárá, mo kàn gbé e lọ ni. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Fọlábí, mú mi wọ ilé ìdáná. Modinat lorúkọ rẹ̀, Yèyé nìkan ló sì máa ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó ń ro ògì lórí iná. Ó bi mí pé, "Ṣé Yèyé sọ fún ẹ bí mo ṣe bí Fọlábí?"

Mo ní rárá.

Ó ní ọdún kẹsàn-án rèé. Oṣù Agẹmọ, òjò rọ̀ títí àbàtà fi kún wọ àgbàlá wọn. Bàbá lọ sí Abẹ́òkúta. Ìrọbí dé, ọkọ̀ ilẹ̀ kankan kò sì lè wọlé. Yèyé ló gbé ọkọ̀ ojú omi wá sí ẹnu ọ̀nà wọn, ó gbé e sáàárín àwọn agbọ̀n ẹja, ó ní òun yóò wà á gba ojú ọ̀sà dé ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí ní Ẹ̀búté Mẹ́tta. Ọmọ kò dúró. Wọn kò tíì dé Màkókó tó fi jáde. Yèyé fi gèlè rẹ̀ wé e, ó gbé e sókè nínú òjò, ó ní, "Modinat, ọkùnrin ni, ó sì ti ń bínú. Ti bàbá ẹ̀ ni, kò sí àríyànjiyàn."

Ìyá Fọlábí ní nígbà tí Bàbá dé, ó fa àgbò lọ fi dúpẹ́. Yèyé dá àgbò padà. Ó ní bí òun bá gbà á, òun ti di agbẹ̀bí nìyẹn, wọn ò sì ní jẹ́ kí òun sùn mọ́.

Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Gbogbo Ẹtì tó ń wá bá Bàbá fa ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo máa ń jókòó sí. Mò ń dúró kó sọ ọ́. Kò sọ ọ́ rí. Ìwọ, lọ sọ ọ́. Bí o bá ti sọ ọ́, kò ní lè kọ̀."

N kò tíì lè sùn bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo ti ní ohun tí mo fi lè borí rẹ̀. Yèyé náà ní in fún ọdún mẹ́ta. Kí ló dé tí kò fi lò ó?

Ọjọ́ Ajé, 2 Méè

Mò ń fi bọ́tìnì sí bùbá oníbàárà kan ní ṣọ́ọ̀bù, ni èrò kan bá wá sí mi lọ́kàn. Mo sọ ọ́ fún Japhet lálẹ́. Ó ní ó lè ṣe é.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 Méè

Kí n kọ ọ́ bó ṣe lọ gan-an.

Bàbá Ọdẹ́túnjí jókòó síwájú ilé, tẹ́súbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ gbẹ nítorí ààwẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, àmọ́ nígbà tó ní kí n dìde, n kò lọ. Mo jókòó sórí ẹní tí Yèyé máa ń jókòó sí.

Mo ní, "Bàbá, ẹ̀rù yín ni pé bí afárá bá kan ilẹ̀ yín, wọ́n á sọ ilẹ̀ di tiwọn."

Ó ní, "Kì í ṣe ẹ̀rù. Mo mọ̀ ni."

Mo ní, "Pákó tó kẹ́yìn kò ní kan ìṣó. Orí ilẹ̀ yín ló máa sùn sí bí ẹní. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ ní kí wọ́n fà á sápá ọ̀dọ̀ yín. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ ní kí wọ́n tẹ́ ẹ. Ohun tí ẹ lè ká kúrò nígbàkígbà tó bá wù yín, ta ló máa dúró lórí ẹ̀ sọ pé òun ló ni ilẹ̀?"

Tẹ́súbáà ń lọ. Ó wá bi mí pé, "Ta ló kọ́ ẹ ní èyí?"

"Èmi ni mo rò ó, Bàbá. Aṣọ tí a bá fẹ́ kó ṣeé ṣí, a kì í rán an pa. Bọ́tìnì la máa ń fi sí i."

Ó wo apá ibi tí àwọn òpó wà. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Ìyá Fọlábí ti sọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi fún ẹ."

Mo ní, "Wọ́n ti sọ ọ́."

"O ò sì fi bẹ̀ mí."

"Yèyé kò fi bẹ̀ yín, Bàbá."

Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e sórí orúnkún. Irun rẹ̀ ti funfun tán, n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Bó bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọjọ́ yẹn náà ni n ó gbà fún un. Ó mọ̀. Ìdí tí kò fi sọ ọ́ nìyẹn. Kò fẹ́ kí n fi ilẹ̀ san oore. Ó fẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́nu ara mi pé òun ló jàre."

Mo bi í bóyá Yèyé ti sún mọ́ àtiborí rẹ̀.

Ó ní, "Ó ti borí mi láti ọdún kejì. Bí mo bá sọ fún un, kò ní wá mọ́ ní ọjọ́ Ẹtì."

Ó gbé fìlà rẹ̀ padà sórí. Ó ní ká gbé pákó wá.

Ìta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, èmi ìyá ọlọ́mọ méjì, títí mo fi dé etí àbàtà. Mo pariwo sí Japhet láti òdìkejì omi, ó sì gbọ́. Ó ní òun kò mọ̀ pé mo ní irú ohùn yẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Méè

Òjò ńlá rọ̀ mọ́jú. Nígbà tí a jí, òpó mẹ́rin ti lọ láàárín, àwọn pákó tí a ti kàn mọ́ ọn sì ń léfòó nínú eèsún. Mo jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Japhet náà jókòó.

Níbi tí a wà ni Ọlọ́runṣògo ti yọ nínú ọkọ̀ rẹ̀, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń pẹja. Wọn kò kí wa. Wọ́n bọ́ aṣọ, wọ́n bẹ́ sómi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa òpó jáde nínú eèsún.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò lọ sójú omi?"

Ó ní, "Ẹja ò wọ àwọ̀n lónìí."

Mo sì rí agbọ̀n àwọn ará ilé kejì tó kún láàárọ̀ yìí.

Wọ́n ri àwọn òpó náà padà, wọ́n rì wọ́n jìn ju bí a ti ṣe lọ. Nígbà tí wọ́n ń sinmi, Ọlọ́runṣògo jókòó tì mí, ó ní nígbà tí òun wà ní kékeré, òun kì í lè mòòkùn wọ inú omi, ẹ̀rù máa ń ba òun. Yèyé mú àwo ọbẹ̀ òun, tẹran-tẹran, ó sọ ọ́ sínú ọ̀sà. Ó ní kò sí oúnjẹ mìíràn lọ́jọ́ náà. "Mo mòòkùn lọ gbé àwo," ó ní. "Ẹran ti lọ. Ó wá fún mi ní tirẹ̀ jẹ."

Ó fi ọwọ́ nu ojú. Mo rò pé omi ni.

Ó ní, "Inú ló ń bí mi sí i, Adébùnmí. Ohun gbogbo ló máa ń sọ. Kò wá sọ fún ènìyàn pé òun ń lọ."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 Méè

Ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Ìyá Fọlábí gbé oúnjẹ ránṣẹ́ sí gbogbo etí omi. Kò sí iṣẹ́ lónìí. A jẹ, a sùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 Júùnù

A parí rẹ̀.

Japhet tẹ́ pákó tó kẹ́yìn sórí ilẹ̀ bàbá ní ọ̀sán, kò kàn án. Àwọn ará wa dúró lápá ibí, àwọn ará ibẹ̀ dúró lápá ọ̀hún, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ gùn ún. Màmá Sabina ló jáde, pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó ń rìn lọ láì wo ẹsẹ̀. Bàbá Ọdẹ́túnjí náà gùn ún láti apá tirẹ̀. Wọ́n pàdé láàárín. Kò fẹ̀ tó kí ènìyàn méjì kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Màmá Sabina ní kí bàbá yà fún òun, nítorí òun ló kọ́kọ́ gun afárá. Bàbá fi ẹ̀yìn rìn padà dé orí ilẹ̀ rẹ̀, gbogbo ènìyàn sì ń wò ó.

Ìyá Fọlábí ní òun kò rí i kó fi ẹ̀yìn rìn fún ẹnikẹ́ni rí.

Ọjọ́rú, 8 Júùnù

Pákó tó kẹ́yìn ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Ọjọ́ karùn-ún rèé, kò sẹ́ni tó fà á.

Ọjọ́ Ajé, 13 Júùnù

Òjò rọ̀ láti ọjọ́ Ẹtì láì dá. Àbàtà kún, omi dé abẹ́ pákó gan-an. Mo jí ní kùtùkùtù, mo lọ dúró síbẹ̀ nínú òjò. Mo fi ọwọ́ kan àwọn òpó lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ọ̀kan tó mì.

Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú ilé. Àwọn kan fi ewé kókò borí, àwọn kan fi àpò. Wọ́n tò lọ lórí afárá, sílétì wọn lábẹ́ apá, wọ́n ń pariwo ìṣirò tí wọ́n fẹ́ lọ kà fún tíṣà. N kò gbọ́ tiwọn tán, wọ́n pọ̀ jù. Gbogbo wọn kọjá tán bí kò ṣe ọmọbìnrin kékeré kan, ọmọ Munirat tó ń ta iyọ̀. Ó dúró ní àárín afárá. Mo rò pé ẹ̀rù bà á, mo ti fẹ́ lọ fà á lọ́wọ́.

Kì í ṣe ẹ̀rù. Ó tẹ̀ síwájú, ó fi ọwọ́ di òpó mú, ó tutọ́ sínú omi, ó sì tẹjú mọ́ ọn títí ó fi lọ sábẹ́ afárá. Ó sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì láti wo bóyá ó jáde. Ó jáde. Ó rẹ́rìn-ín lóun nìkan, ó tún padà, ó tún tutọ́.

N kò bá a wí. Mo dúró nínú òjò, mo ń wò ó. Nígbà tó ti lọ tán, tí kò sẹ́ni tó ń wò mí, mo lọ sí àárín afárá, mo sì tutọ́ tèmi náà.